Lẹ́ǹsì gígùn méjì inú àpótí bàbá: èwo ni yóò bá kámẹ́rà òní ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Oǹdó ni mò ń gbé, iṣẹ́ fọ́tò sì ni mò ń ṣe. Bàbá mi, tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá, ní ilé fọ́tò tiwọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nínú àpótí wọn ni mo ti rí lẹ́ǹsì gígùn méjì: ọ̀kan ni Canon FD 200mm f/2.8, èkejì ni Super-Takumar 200mm f/4. Canon EOS 600D ni kámẹ́rà mi. Mo gbé èyí tó jẹ́ Canon sí i lẹ́nu, kò wọlé rárá. Ẹnì kan tó ń ta irinṣẹ́ kámẹ́rà ní Akúrẹ́ ní kí n ra àdápítà (òrùka tí ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà) tó ní dígí nínú fún un, ó ní èkejì kò wúlò mọ́, kí n tà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé mo lè fi wọ́n ya ọdún ìbílẹ̀, ìgbéyàwó àti ẹyẹ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run yóò dẹlẹ̀ fún wọn. Má ta Takumar yẹn, má sì ra àdápítà onídígí tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́. Nínú lẹ́ǹsì méjèèjì, èyí tí kì í ṣe Canon ni yóò bá kámẹ́rà Canon rẹ ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Èyí tó ń jẹ́ Canon ni yóò ní sùúrù de kámẹ́rà mìíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yà ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì lè jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, kí bàtà ọ̀kan má wọ èkejì lẹ́sẹ̀.

Ààyè ló ń sọ bóyá lẹ́ǹsì yóò bá kámẹ́rà mu. Láti etí irin tí lẹ́ǹsì fi ìdí lé lẹ́nu kámẹ́rà, títí dé ibi tí fíìmù tẹ́ sí láyé àtijọ́, tí sẹ́ńsọ̀ wà lónìí, ìwọ̀n kan wà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yàn fún ara rẹ̀. Ti Canon FD jẹ́ mìlímítà 42. Ti Canon EF, ìyẹn irú ẹnu tí 600D rẹ ní, jẹ́ mìlímítà 44. Ti Takumar, tí Pentax ṣe, jẹ́ mìlímítà 45.46. A tún ń pe ìdí Takumar ní M42, torí pé yíyí la ń yí i wọlé bí ìdérí ìgò, ibi tí a ń yí náà sì fẹ̀ tó mìlímítà 42. Má jẹ́ kí 42 méjèèjì yìí dà ọ́ rú o: ti FD jẹ́ ìjìnnà, ti M42 jẹ́ fífẹ̀.

Wàá rí i pé Takumar ń fẹ́ jókòó sí 45.46, nígbà tí kámẹ́rà rẹ fún un ní 44. Ohun tó kù kò tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Òrùka irin pẹlẹbẹ kan yóò dí àlàfo náà, lẹ́ǹsì yóò sì wà níbi tí àwọn tó ṣe é fẹ́ kó wà gẹ́lẹ́. Ti FD yàtọ̀. Ó ń fẹ́ 42, kámẹ́rà rẹ sì ti gùn tó 44 kí o tó fi ohunkóhun sí i. Ohun tí kò tó, a lè fi nǹkan kún un. Èyí tó ti pọ̀ jù, kò sí òrùka tó lè bù ú kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni o kò sì lè ti lẹ́ǹsì náà wọ inú kámẹ́rà síwájú sí i, nítorí jígí tí ń fò sókè-sódò wà níbẹ̀.

Kí ni mìlímítà méjì péré lè bàjẹ́? Púpọ̀. Lẹ́ǹsì tó bá jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ ju bó ti yẹ lọ dà bí ojú tó ń rí ohun tó wà nítòsí ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀kánkán. Bí o bá fi mìlímítà méjì kún ẹ̀yìn lẹ́ǹsì 50mm, kò ní rí ohunkóhun kedere tó bá ti kọjá mítà kan ó lé díẹ̀. 200mm yóò rí bíi mítà 20, ó pẹ́ tán. Bí àdápítà náà bá sì nípọn, yóò dín sí i. Ẹni tó fẹ́ ya ẹyẹ lórí igi ìrókò tàbí òkè tó wà lókèèrè, kí ló fẹ́ fi mítà 20 ṣe?

Dígí tí wọ́n fi sínú àdápítà yẹn, ìyẹn ni wọ́n fi ń wo àìsàn yìí. Ó ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì ríran dé ọ̀nà jíjìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fa àwòrán tóbi díẹ̀, ó ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀, ó sì ń mú kí àwòrán rọ̀, pàápàá ní etí. Canon fúnra wọn ṣe irú rẹ̀ kan tó dára nígbà kan fún àwọn tó ní lẹ́ǹsì FD tó gùn, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn tí à ń rí lọ́jà báyìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe FD 200mm f/2.8 fi ọgbọ́n to dígí inú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè mọ́ roro. Kí wá ni èrè pé ká fi dígí pọ́ọ́kú kan dí i lẹ́yìn?

Ọdún 1971 ni Canon gbé FD jáde. Lọ́dún 1987, wọ́n yí ẹnu kámẹ́rà wọn padà pátápátá sí EF, kí mọ́tò fókọ́ọ̀sì lè máa wà nínú lẹ́ǹsì, kí iná mànàmáná sì máa gbé iṣẹ́ láàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà dípò irin tí ń ti irin. Inú bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ti kó owó lé FD nígbà náà, bóyá bàbá rẹ wà lára wọn. M42 ní tirẹ̀ dàgbà ju FD lọ. Lára kámẹ́rà Contax S ní Jámánì ló ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1949, Praktica àti Pentax sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Nítorí pé ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló lò ó, láti Jámánì dé Japan dé Rọ́ṣíà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kámẹ́rà òde òní tí ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì tí a kì í rí àdápítà M42 rẹ̀. Ọjà tí gbogbo ìlú ń ná ni M42.

Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá ra mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní jígí nínú, ni FD bàbá yóò jí. Ẹnu àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí kò jìn: Canon RF jẹ́ mìlímítà 20, Sony E jẹ́ 18, Nikon Z jẹ́ 16. Láàárín RF àti FD, ohun tí a nílò ni ọ̀pá kan tó gùn ní mìlímítà 22, tí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀. Kò sí dígí tí yóò ba nǹkan jẹ́. Rí i dájú pé àdápítà FD tí o máa rà ní òrùka tí ń ti irin kékeré tó wà nídìí lẹ́ǹsì; láìsí ìyẹn, o lè máa yí nọ́ńbà f, èyí tó ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, títí, ojú lẹ́ǹsì kò ní tẹ̀ lé ọ. Bí kámẹ́rà náà bá sì ní ohun tí ń dá sẹ́ńsọ̀ dúró kí ọwọ́ má gbọ̀n ọ́n, wọ inú ètò rẹ̀, kí o kọ 200mm sí i fúnra rẹ. Lẹ́ǹsì àtijọ́ kò ní ẹnu tó lè fi sọ fún un pé báyìí ni òun gùn tó, bí kámẹ́rà bá sì rò pé 50mm ni, àtúnṣe rẹ̀ kò ní tó.

Kí o tó náwó kankan ṣá, wo inú àwọn lẹ́ǹsì náà. Èyí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà jùlọ, torí pé ní apá ibi tí à ń gbé yìí, òjò àti ooru ti pa lẹ́ǹsì ju ìjábọ́ lọ. Wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ṣí ìdérí iwájú àti ti ẹ̀yìn, yí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ pátápátá, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo lẹ́ǹsì tó ti lo ogójì ọdún ló ní i. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, tàbí ohun tó yọ ẹ̀ka bíi gbòǹgbò koríko lójú dígí. Fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn, ìran ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Ó ń tu omi kíkan sára dígí, omi náà á sì máa jẹ ìpara tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa á lójú. Bó bá jẹ́ kékeré ní etí, àwòrán rẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ti tàn dé àárín, àwòrán yóò máa ṣe bàìbàì, pàápàá bí ìmọ́lẹ̀ bá wà níwájú. A lè tú u, ká nù ún, ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ dé inú dígí kò ní padà bọ̀ sípò.

Àpò aláwọ tí bàbá kó wọn sí, tí mo mọ̀ pé yóò wù ọ́ láti tọ́jú nítorí wọn, òun gan-an ni ibùgbé fọ́ńgọ́ọ̀sì. Awọ ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a dúró. Gbé àpò náà sórí pẹpẹ fún ìrántí, ṣùgbọ́n má fi lẹ́ǹsì sínú rẹ̀ mọ́. Ra ike onídèérí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń kó oúnjẹ pamọ́, kí o sì kó àwọn àpò kékeré silica gel sí i, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú bàtà tuntun, ṣùgbọ́n kí o ra èyí tó pọ̀. Láti oṣù kẹta tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, máa yẹ̀ wọ́n wò. Má ṣe fi ìrẹsì dípò rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìyẹ̀fun ara ìrẹsì yóò wọ ojú òrùka fókọ́ọ̀sì.

Wo àwọn abẹ irin tí ń pa ojú lẹ́ǹsì dé pẹ̀lú. Lára Takumar, wàá rí bọ́tìnì kan ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ A àti M sí, àti irin ṣóńṣó kan nídìí rẹ̀. Fi bọ́tìnì sí A, yí nọ́ńbà dé f/22, kí o fi ìka ti irin ìdí náà. Àwọn abẹ yẹn gbọ́dọ̀ pa dé wéré, kí wọ́n sì ṣí wéré bí o bá ti yọwọ́. Bí wọ́n bá ń rìn bí ẹni tó ń sùn, epo ti ṣàn sí wọn lára. Má fi kẹrosíìnì tàbí epo ẹ̀rọ kankan sí i. Iṣẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú lẹ́ǹsì nìyẹn, mo sì ń bẹ̀ ọ́ kí ẹni náà má jẹ́ ìwọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Bí ohun gbogbo bá mọ́, ra òrùka M42 sí EF. Ohun tó rọrùn ni, kò sí dígí nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n gba owó ńlá lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ń ta òmíràn tó ní páálí iná kékeré lára, tí yóò jẹ́ kí kámẹ́rà máa dún tíín bí fókọ́ọ̀sì bá ti bọ́ sípò. Ó wúlò bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé dandan ni. Yí Takumar sínú òrùka náà kó le, gbé e sẹ́nu 600D, kí o sì fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ sí M. Bí o bá gbàgbé tí o fi í sí A, ojú lẹ́ǹsì yóò wà ní ṣíṣí ní f/4 nígbà gbogbo, torí pé òrùka lásán kò ní ti irin ìdí fún un.

Kámẹ́rà yóò kọ 00 níbi tó ti máa ń kọ nọ́ńbà f. Kò sí ewu, ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ lẹ́ǹsì tó wà lẹ́nu òun. Lára kámẹ́rà, lo ètò Av tàbí M, èyí tí o ti ń yan ohun gbogbo fúnra rẹ. Ní Av, ìwọ yóò máa yí ojú lẹ́ǹsì fúnra rẹ lára lẹ́ǹsì, kámẹ́rà yóò sì wá ìyára ṣọ́tà tó bá a mu. Bí o bá ń wo inú ihò ìwòran, ìdíwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè yà díẹ̀. Ti Live View, ìyẹn wíwo àwòrán lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rètí nù, wọ́n á ní lẹ́ǹsì náà kò mọ́. Àwọn kámẹ́rà fíìmù ìgbà bàbá rẹ ní dígí ìwòran tó pín àwòrán sí méjì, tí yóò sì so ó pọ̀ bí fókọ́ọ̀sì bá ti pé. 600D kò ní irú rẹ̀. Ohun tí o rí nínú ihò ìwòran lè dà bí ẹni pé ó pé, kó má pé. Tan Live View, tẹ bọ́tìnì tí ń mú àwòrán tóbi títí yóò fi dé ìlọ́po 10, gbé e sórí ẹyinjú ẹni tí ò ń yà, ṣí ojú lẹ́ǹsì dé f/4, kí o wá rọra máa yí òrùka. Àwòrán yóò mọ́, yóò tún fẹ́ bàìbàì. Dá a padà sí ibi tó ti mọ́ jù. Lẹ́yìn náà ni kí o yí nọ́ńbà dé f/5.6 tàbí f/8 láìwo lẹ́ǹsì, kí o máa gbọ́ bó ṣe ń ta kẹ́kẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìka rẹ yóò ti mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Bí o bá dúró ní mítà mẹ́ta sí ènìyàn ní f/4, ibi tó máa mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Ojú lè mọ́ kí etí má mọ́. Ní mítà mẹ́wàá, ó ti fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ ìjìnnà ni lẹ́ǹsì yìí. Takumar 200mm pàápàá kì í fẹ́ kí o súnmọ́ ju nǹkan bíi mítà méjì àti ààbọ̀ lọ.

Sẹ́ńsọ̀ 600D kéré sí fíìmù 35mm, àárín ohun tí lẹ́ǹsì ń gbé wá nìkan ló ń gbà. Ohun tí wàá rí nínú rẹ̀ ni ohun tí lẹ́ǹsì 320mm ìbá rí lórí fíìmù, ìyẹn 200 lọ́nà 1.6. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sọ: etí àwòrán, níbi tí àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ ti máa ń rọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ rárá. Ìnira rẹ̀ ni pé gbígbọ̀n ọwọ́ náà tóbi sí i. Má jẹ́ kí ìyára ṣọ́tà rẹ lọ sílẹ̀ ju 1/400 ìṣẹ́jú àáyá lọ bí ọwọ́ lo fi ń gbé e. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, dé 800, àní 1600. Hóró díẹ̀ lára fọ́tò sàn ju àwòrán tó gbọ̀n lọ. Fi ọwọ́ òsì gbé lẹ́ǹsì, kì í ṣe kámẹ́rà, nítorí irin àti dígí ni Takumar látòkèdélẹ̀.

Dígí Super-Takumar kò ní ìpara onípele púpọ̀ tí Pentax bẹ̀rẹ̀ sí í pa sójú àwọn Takumar tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1971. Nígbà tí oòrùn bá wà níwájú rẹ, èéfín funfun yóò bo àwòrán. Sẹ́ńsọ̀ náà tún ń dán ju fíìmù lọ, ó ń ju ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn lẹ́ǹsì. Wá ìbòjú lẹ́ǹsì. Bí o kò bá rí i rà, ká páálí dúdú yí ẹnu rẹ̀ ká, yóò ṣiṣẹ́ náà. Ohun kejì ni àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò tí ń yọ létí ohun dúdú tó bá wà níwájú òfuurufú funfun, bí ẹ̀ka igi tàbí etí fìlà. Ní f/8 ó ń dínkù. Ohun tó bá kù, kọ̀ǹpútà lè pa á rẹ́. Má sì ṣe fi ihò ìwòran kámẹ́rà pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn wo oòrùn láéláé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú tó bá jóná kò ní ìdápadà.

Ọdún ìbílẹ̀ ni ibi tí lẹ́ǹsì yìí dára sí jù lójú mi. Gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà ọdún Igógo, tí Ọlọ́wọ̀ máa ń di irun, tó ń wọ iyùn ní ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì ìgbàanì kan, tí a kì í lu ìlù, tó jẹ́ agogo ni ń dún, tí a kì í sì í dé fìlà tàbí wé gèlè. Ẹni tó ní lẹ́ǹsì kúkúrú yóò máa ti ara rẹ̀ wọ àárín àwọn ìjòyè, wọ́n á lé e sẹ́yìn, ẹ̀yìn orí ènìyàn ni yóò sì pọ̀ nínú fọ́tò rẹ̀. Ìwọ yóò dúró ní mítà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wàá sì mú dídì irun náà àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ohun tí wọn kì í fẹ́ kí wọ́n yà. Lẹ́ǹsì tó ń rí ọ̀nà jíjìn kò fún wa láṣẹ láti rí ohun gbogbo.

Ní ti ẹyẹ, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù. Ó funfun, ó máa ń dúró jẹ́ẹ́, kì í sì í tètè sá fún ènìyàn. Dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ má di òrí funfun lásán. Àṣá tó ń fò, jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀ ná.

Ìgbéyàwó ńkọ́? Èmi kò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́. Bí owó ló wà nídìí rẹ̀, tí ìdílé ìyàwó ti san àsansílẹ̀, má fi Takumar nìkan lọ. Ijó kì í dúró de ẹni tó ń fi ọwọ́ wá fókọ́ọ̀sì. Canon EF-S 55-250mm IS, tí o lè rí àlòkù rẹ̀ rà, ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó sì ní ohun tí ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Òun ni irinṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mú Takumar dání fún ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ní ojú kan. Ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó yóò gbà wọlé, fi fókọ́ọ̀sì sí ibẹ̀ ṣáájú, kí o dúró, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bó bá ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé ojú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà, tó ń wo ọmọ rẹ̀ láì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń fi sínú férémù.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó dùn mí fún ọ. Ní oṣù kẹta ọdún kan, mo gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 300mm àtijọ́ kan. Nígbà tí mo fi máa dé òkè, oòrùn ti wà láàárín méjì orí. Mo ya àwọn òkè òdìkejì títí, mo lo tráípọ́ọ̀dù, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó mọ́. Gbogbo etí àpáta ń gbọ̀n bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Mo padà sí Akúrẹ́, mo dá lẹ́ǹsì lẹ́bi, mo tú u, mo tò ó padà, kò sì rí ọ̀nà jíjìn kedere mọ́ láti ọjọ́ náà. Lẹ́ǹsì tó dára ni mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́. Ooru ni. Àpáta tí oòrùn ti pa ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè, afẹ́fẹ́ náà sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe hàn tó. Kò sí lẹ́ǹsì náà láyé, tuntun tàbí àtijọ́, tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ya Òkè Ìdànrè, dé ibẹ̀ ní ìdájí, lẹ́yìn alẹ́ tí òjò ti fọ afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku yóò wọ òkè náà ní aṣọ funfun, ìyẹn sì lẹ́wà bí o bá mọ̀ pé òun lo wá yà.

Bí o bá fẹ́ kí òkè náà dà bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn ènìyàn gan-an, má gbé ẹni náà súnmọ́ òkè. Jẹ́ kó dúró lójú ọ̀nà, kí ìwọ rìn sẹ́yìn gan-an, kí o wá fi 200mm fà á padà. Ìrìnsẹ̀yìn rẹ ló ń mú òkè náà súnmọ́ ọn. Ohun tí lẹ́ǹsì ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí o lè dúró ní ọ̀nà jíjìn náà.

Ohun kan ló kù, ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ti ba lẹ́ǹsì púpọ̀ jẹ́. Irin ṣóńṣó ìdí Takumar kò fẹ́ ìkọlù. Má gbé lẹ́ǹsì náà kalẹ̀ lórí ìdí rẹ̀ láìsí ìdérí. Yíyí ni wọ́n ń yí ìdérí ẹ̀yìn M42, ó sì lè ṣòro díẹ̀ láti rí. Bí o kò bá rí i, fi òrùka àdápítà náà sílẹ̀ lára lẹ́ǹsì, kí o má yọ ọ́ mọ́, ìdérí ẹ̀yìn EF tó wọ́pọ̀ yóò bò ó dáadáa.